Bí a ṣe ń pààrọ̀ prósẹ́sọ̀ Dell OptiPlex 9020 kí géèmù lè máa lọ geere

Ní ọdún 2013 ni ilé-iṣẹ́ Dell gbé OptiPlex 9020 jáde, àwọn ọ́fíìsì ni wọ́n sì ní lọ́kàn, kì í ṣe àwọn ọmọ géèmù. Ìgbà tí àwọn ọ́fíìsì òkè òkun lò ó tán tí wọ́n kó o tà ni ó di ọjà tòkunbọ̀, tí ó sì bọ́ sọ́wọ́ àwa tí a ń ra kọ̀ǹpútà ní Computer Village ní Ìkẹjà àti ní àwọn ọjà mìíràn tí ó jọ ọ́. Ara ẹ̀rọ náà le, ó rọrùn láti tú, àwọn ẹ̀yà rẹ̀ kò sì ṣòro rí. Ṣùgbọ́n prósẹ́sọ̀ (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) Core i5-4570 tàbí i5-4590 tí ó sábà máa ń wà nínú rẹ̀ tètè máa ń rẹ̀ bí a bá gbé géèmù òde òní lé e lórí: àwòrán a lọ dáadáa fún ìgbà díẹ̀, a dúró gbọin, a sì tún fò síwájú. Ìtọ́nisọ́nà yìí wà fún ẹni tí ó fẹ́ fi Core i7-4790 rọ́pò irú prósẹ́sọ̀ bẹ́ẹ̀. Èrò tèmi ni pé i7-4790 ni òpin ibi tí ó bọ́gbọ́n mu láti bá ẹ̀rọ yìí dé, àti pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ra á àyàfi bí ó bá ti rí ẹ̀rí pé prósẹ́sọ̀ gan-an ni ó ń fa ìkọsẹ̀ náà.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tí ó jẹ̀bi

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti ra prósẹ́sọ̀ nítorí àìsàn tí kò sí lára prósẹ́sọ̀. Nígbà tí géèmù bá ń lọ, prósẹ́sọ̀ ni ó ń ṣírò ibi tí olúkúlùkù wà, ohun tí ọ̀tá fẹ́ ṣe àti ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù yóò gbà yí; lẹ́yìn náà ni ó ń pàṣẹ fún graphics card pé kí ó ya ohun tí òun ti ṣírò sí ojú skríìnì. Èyí tí ó bá lọ́ra nínú àwọn méjèèjì ni yóò dá èkejì dúró. Bí a bá fẹ́ kí skríìnì gba fírémù (àwòrán ẹyọ kọ̀ọ̀kan) 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nǹkan bí 16.7 mílísẹ́kọ́ńdì péré ni àyè tí ó wà láti parí fírémù kọ̀ọ̀kan. Bí ẹyọ kan nínú wọn bá gba 50 mílísẹ́kọ́ńdì, ojú yóò rí i gẹ́gẹ́ bí ìkọsẹ̀, kódà bí ìpíndọ́gba gbogbo rẹ̀ bá ṣì ń ka 60. Nítorí náà, kì í ṣe iye fírémù nìkan ni kí ẹ máa wò, ẹ wo bóyá àkókò tí fírémù kọ̀ọ̀kan ń gbà dọ́gba.

Ẹ fi ètò MSI Afterburner, tí a kì í sanwó fún, sórí kọ̀ǹpútà yín, kí ẹ sì ṣètò rẹ̀ kí ó máa fi ìlò graphics card, ìlò thread kọ̀ọ̀kan (ọ̀nà tí iṣẹ́ ń gbà) ti prósẹ́sọ̀, ìgbóná àwọn méjèèjì àti àkókò fírémù hàn ní igun skríìnì. Ẹ pa ìdiwọ̀n fírémù tí ó bá wà nínú géèmù náà, pàápàá V-Sync tí ń mú fírémù dúró de skríìnì, kí nọ́ńbà má bàa tàn yín jẹ. Lẹ́yìn èyí, ẹ ta géèmù náà ní ibi tí ó ti máa ń kọsẹ̀. Bí graphics card bá ń ṣiṣẹ́ ní nǹkan bí 95 sí 99 nínú ọgọ́rùn-ún, prósẹ́sọ̀ kò jẹ̀bi. Graphics card ni ó ti lo gbogbo agbára rẹ̀ tán. Bí ó bá jẹ́ pé 60 tàbí 70 nínú ọgọ́rùn-ún ni graphics card ń ṣe, tí thread mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti i5 sì ti kún dẹ́nu, prósẹ́sọ̀ ni ó ń dá a dúró.

Ọ̀nà mìíràn wà tí ó rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo sì gbẹ́kẹ̀ lé e ju ti nọ́ńbà lọ. Ẹ dín ìwọ̀n àwòrán géèmù náà kù láti 1080p sí 720p, kí ẹ sì dín ẹwà àwòrán rẹ̀ kù pẹ̀lú. Iṣẹ́ graphics card ni èyí mú fúyẹ́. Kò fi bẹ́ẹ̀ kan iṣẹ́ prósẹ́sọ̀. Bí iye fírémù bá fò sókè, graphics card ni ìṣòro yín. Bí kò bá yí padà rárá, tí ìkọsẹ̀ náà ṣì wà níbi tí ó wà, ẹ̀rí ti dé.

Kí ẹ tó jáde lọ ra ohunkóhun, ohun mẹ́ta mìíràn ṣì wà tí ó máa ń jọ àìsàn prósẹ́sọ̀. Èkínní ni RAM, ìyẹn iyè ìrántí ìgbà díẹ̀ ti kọ̀ǹpútà: bí ẹ̀rọ yín bá ní ẹyọ RAM kan ṣoṣo, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ìsọfúnni ń gbà dé ọ̀dọ̀ prósẹ́sọ̀ nígbà tí ọ̀nà méjì wà nínú mọ́dábọ́ọ̀dù (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà so mọ́). RAM méjì tí ó bára mu yóò ṣí ọ̀nà kejì, ní ọ̀pọ̀ ìgbà owó rẹ̀ sì kéré sí ti prósẹ́sọ̀. Irú DDR3 ni ẹ̀rọ yìí ń gbà. Àwọn ìhò RAM inú èyí tí ó tóbi jẹ́ mẹ́rin, 32 GB sì ni òpin ohun tí ó lè gbé. Èkejì ni disk: géèmù tí ó wà lórí hard disk àtijọ́ yóò máa dúró nígbàkúgbà tí ó bá fẹ́ kó apá mìíràn nínú ayé rẹ̀ wọlé, prósẹ́sọ̀ tuntun kò sì lè wo èyí sàn, SSD, irú disk tí kò ní ohun tí ń yí nínú, ni ó lè ṣe é. Ẹ̀kẹta ni eruku. Ẹ̀rọ tí ó ti la ọyẹ́ mélòó kan kọjá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣí i máa ń ní eruku tí ó ti dì mọ́ ara heatsink (irin tí ń gba ooru kúrò lára prósẹ́sọ̀), prósẹ́sọ̀ a gbóná, a sì dín iyára ara rẹ̀ kù kí ó má bàa jóná. Nǹkan bí 100 dígírì Celsius ni àwọn prósẹ́sọ̀ ìran yìí ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí tiyín bá ti ń sún mọ́ ibẹ̀, ẹ nu eruku, ẹ pààrọ̀ thermal paste (ìpara tí ń gbé ooru láti ara prósẹ́sọ̀ lọ sí heatsink), kí ẹ sì tún un wò.

Ẹni tí kò bá tilẹ̀ ní graphics card rárá, tí ó ń lo àwòrán tí ó wà nínú prósẹ́sọ̀, kí ó fi owó rẹ̀ pamọ́. Intel HD 4600 ni ó wà nínú i5-4570, òun kan náà ni ó sì wà nínú i7-4790.

Ohun tí owó yín yóò rà

Core (ẹ̀ka tí ń ṣiṣẹ́ nínú prósẹ́sọ̀) mẹ́rin ni i5-4570 ní, thread rẹ̀ náà sì jẹ́ mẹ́rin. Ó ń sáré ní 3.2 GHz, ó sì lè gòkè dé 3.6 GHz, cache rẹ̀ (iyè ìrántí kékeré inú prósẹ́sọ̀) sì jẹ́ 6 MB. Core mẹ́rin náà ni i7-4790 ní, ṣùgbọ́n thread rẹ̀ jẹ́ mẹ́jọ, 3.6 GHz ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, ó lè gòkè dé 4.0 GHz, cache rẹ̀ sì jẹ́ 8 MB. Kò yẹ kí a rò pé thread mẹ́jọ túmọ̀ sí pé core ti di mẹ́jọ. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ni pé core kan ń gba iṣẹ́ méjì mọ́ra, tí èkínní bá sì ń dúró de ìsọfúnni láti inú RAM, èkejì a lo àyè tí ó ṣófo náà.

Láti ibí yìí ni a ti lè mọ irú èrè tí ó yẹ kí a retí. Géèmù tí kò lò ju thread mẹ́rin lọ yóò jèrè kìkì ohun tí ó wà láàárín 3.6 àti 4.0 GHz, ìyẹn nǹkan bí 11 nínú ọgọ́rùn-ún, pẹ̀lú ìwọ̀nba ohun tí cache bá fi kún un. Ẹni tí ó ń retí pé kí fírémù di ìlọ́po méjì yóò banújẹ́. Níbi tí i7 ti ń fi ara rẹ̀ hàn ni àwọn géèmù tí wọ́n ń pín iṣẹ́ wọn sí ọ̀nà púpọ̀, bí àwọn géèmù ogun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ta pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí Counter-Strike 2 tí ó jáde ní ọdún 2023, tàbí àwọn géèmù ìlú ńlá bíi GTA V, níbi tí ọkọ̀ àti ènìyàn ti pọ̀ lójú pópó. Nínú irú wọn, ìpíndọ́gba fírémù lè má fi bẹ́ẹ̀ gòkè, ṣùgbọ́n àwọn ìkọsẹ̀ òjijì yóò dín kù gidigidi, ìyẹn sì ni ojú ń rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ẹni tí ó ń ta géèmù tí Discord àti ìkànnì bíi mélòó kan sì ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Àǹfààní ńlá kan tún wà tí àwọn ènìyàn kì í sábà kíyè sí: iná 84 W ni Intel kọ fún i5-4570, 84 W náà ni ó kọ fún i7-4790. Ìdí nìyí tí heatsink àti power pack tí ó bá ẹ̀rọ wá fi lè máa bá iṣẹ́ lọ, ì báà jẹ́ power pack 290 W inú àpótí ńlá, ì báà jẹ́ ti 255 W inú àpótí SFF tí ó tẹ́ẹ́rẹ́. Èmi kò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kí ó sáré lọ ra heatsink olówó ńlá fún ẹ̀rọ yìí. Púlọ́ọ̀gì fáànù Dell kì í sábà bá ti ọjà mu, power pack rẹ̀ náà sì ní ẹnu tirẹ̀ tí kì í ṣe onípín-ìn 24 tí gbogbo ayé ń lò.

Èyí tí yóò wọlé àti èyí tí kò ní wọlé

Sọ́kẹ́ẹ̀tì (ibi tí prósẹ́sọ̀ ń jókòó sí) tí ó wà nínú mọ́dábọ́ọ̀dù OptiPlex 9020 ni LGA1150, chipset rẹ̀ (èyí tí ń darí ìsopọ̀ àwọn ẹ̀yà) sì ni Q87. Ìran kẹrin Intel ni ó ń gbà. Prósẹ́sọ̀ ìran kẹta, bíi i7-3770, ti LGA1155 ni, ti OptiPlex 7010 àtijọ́ sì nìyẹn. Kò ní wọlé síbí, bẹ́ẹ̀ ni ti ìran kẹfà kò ní wọlé.

Lẹ́tà tí ó wà lẹ́yìn nọ́ńbà ṣe pàtàkì bí nọ́ńbà náà ṣe ṣe pàtàkì. i7-4790 láìsí lẹ́tà ni kí ẹ béèrè. i7-4790S lọ́ra díẹ̀ nítorí pé wọ́n dín iná rẹ̀ kù sí 65 W. i7-4790T, tí iná rẹ̀ jẹ́ 45 W, ń bẹ̀rẹ̀ láti 2.7 GHz, oníṣòwò tí ìyàtọ̀ wọn kò bá yé lè tà á fún yín ní iye owó ti gidi. Ní ti i7-4790K, òun ni ó yára jù nínú gbogbo wọn, ṣùgbọ́n 88 W ni, ó sábà máa ń wọ́n ju àwọn yòókù lọ, ohun tí a sì torí rẹ̀ san àfikún owó náà, ìyẹn agbára láti mú iyára rẹ̀ ga ju bí ilé-iṣẹ́ ṣe fi í sílẹ̀, mọ́dábọ́ọ̀dù Dell kò fi àyè gbà á. Bí tiyín bá sì jẹ́ irú Micro, tí ó kéré tó ìwé kan, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò lè tu prósẹ́sọ̀ 84 W lójú.

Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ jẹ́ tuntun ju èyí lọ lè tẹ̀lé ìlànà kan náà, ṣùgbọ́n kí ó ṣọ́ra fún pańpẹ́ LGA1151. Prósẹ́sọ̀ ìran kẹfà àti keje ń lo sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ń jẹ́ LGA1151, ti ìran kẹjọ àti kẹsàn-án náà ń jẹ́ LGA1151, iye pín-ìn wọn sì bára mu, síbẹ̀ wọn kì í gba ara wọn. i7-8700 tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú OptiPlex 7060 yóò jókòó dáadáa sínú OptiPlex 7050, ẹ̀rọ náà kò sì ní tàn, nítorí pé chipset tí ó wà nínú 7050 kò mọ̀ ọ́n. Ìwé ìlànà ẹ̀rọ yín lórí ìkànnì ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é ni kí ẹ gbà gbọ́, ẹ má ṣe gba ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì gbọ́.

BIOS ni ó ń ṣáájú

Ọ̀rọ̀ BIOS yìí, ìyẹn ètò inú mọ́dábọ́ọ̀dù tí ń jí ẹ̀rọ, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò dá. Ọdún 2013 ni OptiPlex 9020 jáde, ọdún 2014 ni i7-4790 sì dé. Ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe ìmúdójúìwọ̀n BIOS rẹ̀ láti ìgbà tí ó ti kúrò nílé-iṣẹ́ lè má dá i7-4790 mọ̀, skríìnì yóò sì dúdú bí ẹni pé prósẹ́sọ̀ náà ti kú. Nígbà tí i5 ṣì wà nínú ẹ̀rọ ni kí ẹ ti ṣe é. Ẹ wo Service Tag (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ) tí ó wà lára àpótí, ẹ tẹ̀ ẹ́ sí ibi ìrànlọ́wọ́ lórí ìkànnì Dell, ẹ gba BIOS tí ó kẹ́yìn jáde sílẹ̀, kí ẹ sì ṣí i láti inú Windows. Ẹ̀rọ yóò kú, yóò tún tàn, yóò sì parí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀.

Bí iná bá lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí iṣẹ́ yìí ń gbà, mọ́dábọ́ọ̀dù lè bàjẹ́ kọjá ohun tí a lè tún ṣe nílé. Ẹni tí iná ọba nìkan ni ó gbójú lé kò gbọdọ̀ dán an wò. Ẹ so ẹ̀rọ mọ́ UPS tí bátìrì rẹ̀ dára tàbí ínfátà tí ó ti kún, kí ẹ sì ti dán UPS náà wò ṣáájú, nítorí pé ọ̀pọ̀ UPS tòkunbọ̀ kì í gbé ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún.

Nígbà tí ẹ bá wà nínú Windows, ẹ wò ó bóyá BitLocker, tí ń fi kọ́kọ́rọ́ ti disk pa, wà ní títàn. Bí ó bá wà, ẹ dá a dúró fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ tó ṣe ìmúdójúìwọ̀n BIOS, kí ẹ sì kọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sínú ìwé, torí pé ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè rẹ̀ nígbà tí ó bá rí i pé ara ẹ̀rọ ti yí padà. Ẹ ṣe ẹ̀dà àwọn fáìlì yín pẹ̀lú.

Rírà á lọ́jà

Intel kò ṣe i7-4790 mọ́, nítorí náà èyí tí ẹnikẹ́ni bá pè ní tuntun nínú páálí, ẹ fi ojú àlòkù wò ó. Èyí kò burú. Prósẹ́sọ̀ kì í tètè gbó. Ohun tí ó ń bà á jẹ́ ni ọwọ́ ènìyàn. Ẹ ka ohun tí a fín sí ìdérí rẹ̀: orúkọ i7-4790 àti àmì SR1QF ni ó yẹ kí ó wà níbẹ̀. Bí ẹ bá rí INTEL CONFIDENTIAL lára rẹ̀, èyí tí ilé-iṣẹ́ fi ń ṣe àyẹ̀wò kí ọjà tó jáde ni, mọ́dábọ́ọ̀dù Dell sì lè kọ̀ ọ́. Ẹ yí i padà, ẹ wo àwọn ojú wúrà kéékèèké tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ bóyá wọ́n mọ́, kí ẹ sì wo àwọn ẹ̀yà tín-tìn-tín tí ó wà láàárín wọn bóyá ọ̀kan ti ré kúrò. Bí oníṣòwò bá ní ẹ̀rọ tí ó lè fi í sí, ẹ ní kí ó tan án lójú yín, kí ẹ wo orúkọ prósẹ́sọ̀ náà nínú BIOS kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ bá a fẹnu kò lórí ọjọ́ tí ẹ lè dá a padà, kí ó sì kọ ọ́ sára rìsíìtì.

Ẹ ra thermal paste, ẹ ra isopropyl alcohol, ẹ wá aṣọ tí kì í tú òwú, kí ẹ sì ní skrúdíráífà orí àgbélébùú tí ó bá orí skrúù náà mu.

Títú àti títò

Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá kí ẹ tó pa á, nítorí pé thermal paste àtijọ́ tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ yóò tú ju èyí tí ó tutù lọ. Ẹ pa á pátápátá, ẹ yọ wáyà iná, ẹ yọ gbogbo wáyà yòókù, kí ẹ sì tẹ bọ́tìnnì tí a fi ń tan ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá bíi mẹ́wàá kí iná tí ó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ lè tán. Ẹ gbé e sórí tábìlì, kì í ṣe sórí rọ́ọ̀gì. Lẹ́yìn tí ẹ bá ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ fọwọ́ kan irin àpótí náà níbi tí kò ti ní ọ̀dà, kí iná tí ó bá wà lára yín lè kúrò, kí ẹ sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Ọjọ́ ọyẹ́ ni èyí ṣe pàtàkì jù, nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ.

Skrúù mẹ́rin ni ó di heatsink mú, wọn kì í sì í jábọ́ kúrò lára rẹ̀. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì fáànù, lẹ́yìn náà kí ẹ tú skrúù kan díẹ̀, kí ẹ bọ́ sí èyí tí ó wà ní igun tí ó dojú kọ ọ́, títí gbogbo wọn yóò fi tú tán. Bí heatsink bá lẹ̀, ẹ yí i sọ́tùn-ún sósì jẹ́jẹ́. Ẹ má ṣe fà á gbọ̀ngbọ̀n sókè. Ẹ nu thermal paste tí ó wà nídìí rẹ̀ pẹ̀lú alcohol títí irin rẹ̀ yóò fi máa dán, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku tí ó wà láàárín àwọn irin pẹlẹbẹ rẹ̀. Ẹ fi ìka di fáànù mú nígbà tí ẹ bá ń gbá a.

Ọ̀pá kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀, ẹ tì í síta díẹ̀ kúrò lábẹ́ ìkọ́ rẹ̀, kí ẹ sì gbé e sókè. Ìdérí irin yóò tẹ̀lé e. Ẹ di etí i5 mú ní apá méjèèjì, ẹ gbé e sókè ṣánṣán, kí ẹ sì tẹ́ ẹ sínú ike tí i7 bá wá. Láti àkókò yìí lọ, ohun kan kò gbọdọ̀ já sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì náà, ì báà jẹ́ ìka, ì báà jẹ́ skrúù, ì báà jẹ́ aṣọ tí ẹ fi ń nu nǹkan. Pín-ìn 1,150 ni ó wà níbẹ̀, wọ́n tẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹyọ kan tí ó bá sì ṣẹ́ lè sọ ìhò RAM kan tàbí gbogbo mọ́dábọ́ọ̀dù di aláìwúlò. Bí ẹ bá fẹ́ wo ọ̀kan, ojú àti tọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ lò.

Ní igun i7 kan, àmì onígun mẹ́ta aláwọ̀ wúrà wà, irú rẹ̀ sì wà lára sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ibi méjì tún wà ní etí prósẹ́sọ̀ tí wọ́n gé wọlé díẹ̀, èyí tí ó bá ohun méjì tí ó yọ síta nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì mu. Ẹ mú wọn bára mu, kí ẹ sì gbé prósẹ́sọ̀ kalẹ̀ kí ó fúnra rẹ̀ jókòó. Kò yẹ kí ẹ tẹ̀ ẹ́ rárá. Bí kò bá jókòó pẹlẹbẹ, ẹ gbé e kúrò, kí ẹ tún un wò. Ẹ da ìdérí irin bò ó, kí ẹ sì tẹ ọ̀pá náà padà sábẹ́ ìkọ́ rẹ̀. Ibí yìí ni ẹ̀rù ti máa ń ba ẹni tí kò ṣe é rí, nítorí pé ọ̀pá náà yóò le, yóò sì fẹ́ agbára. Bí prósẹ́sọ̀ bá ti jókòó dáadáa, líle yìí kò léwu.

Ẹ nu orí i7 pẹ̀lú alcohol, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, kí ẹ sì fi thermal paste tí kò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ sí àárín rẹ̀. Ẹ má ṣe fi ìka tẹ́ ẹ. Heatsink ni yóò tẹ́ ẹ. Ẹ gbé heatsink lé e, kí ẹ de àwọn skrúù ní ìlànà igun-sí-igun kan náà, díẹ̀díẹ̀, títí wọn yóò fi dúró. Ẹ fi púlọ́ọ̀gì fáànù padà. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, ẹ̀rọ yóò kìlọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ó sàn kí ẹ má ṣe gbàgbé.

Títàn án fún ìgbà àkọ́kọ́

Ẹ má tíì ti àpótí. Ẹ so wáyà iná, keyboard àti skríìnì pọ̀. Bí ẹ bá ní graphics card, ara rẹ̀ ni kí ẹ so skríìnì mọ́. Ẹ̀rọ lè tàn, kí ó kú, kí ó tún tàn. Ẹ fún un láyè. Ẹ máa tẹ F2 títí ẹ ó fi wọ BIOS, kí ẹ sì wò ó bóyá i7-4790 ni orúkọ tí ó wà níbẹ̀. Lábẹ́ Performance, ẹ wò ó bóyá Hyper-Threading (tí ń mú thread di mẹ́jọ), TurboBoost (tí ń mú iyára gòkè) àti gbogbo core wà ní títàn, nítorí pé ọ́fíìsì tí ó ni ẹ̀rọ náà tẹ́lẹ̀ lè ti pa ọ̀kan nínú wọn.

Bí skríìnì bá dúdú, ẹ pa á, ẹ yọ iná, kí ẹ sì yọ RAM kí ẹ tún un fi padà. Bí kò bá yí padà, ẹ yọ bátìrì róbótó CR2032 fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ dá a padà, kí ẹ sì tún un tàn. Bí ó bá ṣì dúdú, ẹ dá i5 padà sáyè rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá tàn pẹ̀lú i5, ẹ tún wò ó bóyá BIOS ti di tuntun lóòótọ́. Bí ó bá ti di tuntun, i7 ni ó ní àbùkù, ẹ lọ lo rìsíìtì yín. Bí kò bá tàn pẹ̀lú i5 náà, ẹ wá tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ sì wo àwọn pín-ìn sọ́kẹ́ẹ̀tì láti ẹ̀gbẹ́ méjì bóyá ọ̀kan ti tẹ̀ ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Nínú Windows, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, kí ẹ wo ojú ewé Performance nínú Task Manager: core 4 àti logical processors 8 (ìyẹn thread) ni ó yẹ kí ẹ rí. Ètò CPU-Z yóò sọ bóyá RAM yín ń lo ọ̀nà méjì. Lẹ́yìn náà, ẹ padà sí ibi kan náà nínú géèmù kan náà tí ẹ ti wọn ìkọsẹ̀ tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú ètò àwòrán kan náà, kí ẹ sì fi àkókò fírémù ti tẹ́lẹ̀ wé ti ìsinsìnyí. Ẹ jẹ́ kí géèmù lọ fún ìdajì wákàtí, kí ẹ máa wo ìgbóná. Bí kò bá kọjá nǹkan bí 80 dígírì, ó dára. Bí ó bá ń kọjá 90, heatsink kò jókòó dọ́gba tàbí thermal paste kò tó. Ẹ tú u, ẹ nù ún, kí ẹ sì tún un ṣe. Bí prósẹ́sọ̀ bá ti ń lọ geere tí graphics card wá ń ṣe 98 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí jẹ́ ìròyìn ayọ̀, ó fi hàn pé iṣẹ́ ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó yẹ kí ó ṣe é. Láti ibẹ̀, graphics card bíi GTX 1650 tí iná rẹ̀ jẹ́ 75 W, tí kò ní ibi tí a ó ti so wáyà iná mìíràn mọ́ ọn, ni power pack ẹ̀rọ yìí lè gbé láìṣe wàhálà. Fún SFF, irú tí ó kúrú, tí a ń pè ní low-profile, ni kí ẹ béèrè.

i7-4790 kò lè sọ ẹ̀rọ yìí di èyí tí Windows 11 fọwọ́ sí, nítorí pé láti ìran kẹjọ Intel ni Microsoft ti ń gbà á, àtìlẹ́yìn tí ó ń ṣe fún Windows 10 sì parí ní ọjọ́ 14 oṣù October ọdún 2025. Ẹni tí géèmù tí ó fẹ́ràn bá ti ń béèrè Windows 11 kò gbọdọ̀ ná kọ́bọ̀ kan lé orí 9020 mọ́. Kí ó tà á bí ó ṣe wà, kí ó sì fi owó náà bẹ̀rẹ̀ àtirà OptiPlex 7060 tàbí ẹ̀rọ ìran kẹjọ mìíràn, níbi tí i5-8500 lásán ti ní core mẹ́fà. Àwọn yòókù, ẹ tọ́jú i5 àtijọ́ yín sínú ike rẹ̀ títí ọjọ́ ìdápadà tí oníṣòwò fún yín yóò fi kọjá, kí ẹ tó tà á.